Mọ́tò Tí Bàbá Mi Fẹ́ Sọ Lórúkọ

Ikọ́ Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ máa ń jí mi ní agbo ilé wa ní Kétu. Kì í ṣe ikọ́ àìsàn o. Ikọ́ àṣẹ ni, èyí tí olórí ilé fi ń sọ fún gbogbo wa pé òun ti jí, kí ẹnì kan yáa gbé omi àlùwàlá òun wá. Bí ikọ́ náà bá ti dákẹ́, korobá á kàn létí kànga, àwọn adìyẹ á bẹ́ sílẹ̀ láti orí igi ìbẹ́pẹ, lẹ́yìn náà ni màá wá gbọ́ omorogùn ìyá mi nínú ìkòkò ẹ̀kọ, gbùdù, gbùdù, bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀. Gbogbo ilé ló ń jẹ ẹ̀kọ ìyá mi láàárọ̀. Àwọn àgbà á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n, wọ́n á ní ó ki jù, wọ́n á sì tún na abọ́ sílẹ̀ fún òmíràn. Ìyá mi á kàn wò wọ́n láti òkè délẹ̀, bí ẹni ń wo aṣọ tí kò ní rà, á sì bu òmíràn sí i. Èmi náà ti di ìyá ọmọ báyìí, mo ní ìkòkò tèmi, mo sì ti ń gbìyànjú ìwò yẹn lára ọkọ mi, ṣùgbọ́n kò tíì mú un bó ṣe yẹ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bàbá mi ra mọ́tò. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà ló ń padà sílùú rẹ̀, òun ló tà á. Ọjọ́ tó wọlé, àwa ọmọdé la tì í láti ojú títì Ìkòròdú. Bàbá mi jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀, ó dì í mú ṣinṣin, ó fa ojú ro bí ẹni tó ń sáré burúkú, bẹ́ẹ̀ àwa la wà lẹ́yìn rẹ̀ tí à ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọ̀ eérú ni mọ́tò náà, ibi tí kì í bá ṣe àwọ̀ eérú, ìpẹtà ni. Mẹkáníìkì kan wá tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fẹ́ kí wọ́n jí òun láàárọ̀. Bàbá mi á máa yí i ká, á máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, á máa tì í padà, gbàà, gbàà, kí àwọn ará ọ̀nà Alápẹ̀rẹ̀ lè mọ̀ pé ilé tí wọ́n ń kọjá níwájú rẹ̀ yìí kì í ṣe ilé lásán.

Nítorí àǹtí mi ni wọ́n ṣe ra mọ́tò ọ̀hún. Àǹtí Rísí, àbúrò bàbá mi tó kéré jù, ni mò ń wí. Ọ̀dọ́ wa ló ń gbé, òun ló ń dì mí lórí, bí ó bá sì ti dì mí lórí, mi ò ní lè pa ojú mi dé fún odidi ọjọ́ kan. Akọ̀wé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ wá mọ̀ wá, wọ́n kó sínú lọ́rì tí wọ́n háyà, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn eruku dànù. Ìyá ọkọ gbé ìró rẹ̀ sókè bí ẹni pé ilẹ̀ Kétu máa tà sí i. Ó wo oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa, ó wo igbó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ọ̀nà yín mà jìn o, àna wa. Ṣé orí iṣu nínú lọ́rì ni ìyàwó wa máa jókòó sí bọ̀ ni?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ilé wa pàápàá rẹ́rìn-ín, nítorí ẹran ṣì wà lẹ́nu wọn. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde dúró, ó ní, "Nínú mọ́tò ni àbúrò mi máa wá sílé yín, Ìyá. Mọ́tò dídán. Ẹ ó máa rí ojú yín lára rẹ̀ bíi dígí."

Bí wọ́n ṣe lọ tán ni Àǹtí Rísí wọ yàrá bá bàbá mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ta ló ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀? Bí kò bá wá dán ńkọ́?"

"Á dán."

"Ẹ máa wakọ̀ yín padà sí Kétu ni o. Èmi ni mo máa bá wọn gbé. Bí mo bá da iyọ̀ sọ́bẹ̀ jù, mọ́tò yẹn ni wọ́n máa fi bú mi. Bí mo bá bímọ, bí ọmọ náà bá wọ́wọ́, mọ́tò náà ni. Ẹ jẹ́ n bá lọ́rì lọ. Mo bẹ̀ yín."

Bàbá mi ní, "Rísíkátù, á dán." Bí ó bá ti pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ ní kíkún, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Àwọn tó ń kun mọ́tò wà ní Yábàá nígbà náà. Ìyá mi ní kí ó gbé e lọ bá wọn. Bàbá mi wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. Ó ní, "Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kun gbogbo fèrèsé ilé yìí!" Ìyá mi fi orúkọ mi pè é, ó ní, "Òótọ́ ni, Bàbá Múlì. Títí di òní a ò tíì rí èyí tó ṣeé ṣí nínú wọn." Ṣùgbọ́n ó lọ sí Èkó, ó ra ọ̀dà búlúù, ó sì ra tépù bébà kan báyìí tó yípo bí ẹ̀gbà ọwọ́ ńlá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì bàbà, gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí èèyàn kò bá fẹ́ kí ọ̀dà kàn ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́: etí dígí, ara iná, irin tó ń kọ mọ̀nà níwájú ọkọ̀. Bí wọ́n bá kun ọkọ̀ tán, wọ́n á ṣí tépù, abẹ́ rẹ̀ á sì mọ́ tónítóní. Bàbá mi fẹ́ràn tépù yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fi wé dígí iwájú, kò fi etí rẹ̀ nìkan mọ, ó bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó fi wé gbogbo dígí àti irin apá òsì ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó fi díẹ̀ lẹ bàtà mi tó ya. Ó tún fi lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri, tó kọ sórí rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan mọ́tò, nínú ilé tó jẹ́ pé àwa ọmọ ilé ìwé nìkan la lè kà á, àwa la sì ń fọwọ́ kàn án. Nígbà tó máa fi kan apá ọ̀tún, tépù ti tán.

Ó wá gbé abọ́ wá sí ilé ìdáná. "Ìyá Múlì, bù mí lẹ́kọ díẹ̀."

"Ẹ ò tíì yó ni?"

"Mọ́tò ni mo fẹ́ fún."

Ìyá mi bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i. Ó ní, "Ẹ bá mi kí i. Ó ṣeé ṣe kí òun náà sọ pé ó ki jù."

Bàbá mi sì fi ẹ̀kọ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ dígí apá ọ̀tún. Bí a ṣe ń ṣe káìtì wa ni òun náà ṣe é. Lẹ́yìn náà ló da ọ̀dà sínú pọ́ǹpù tí a fi ń fín ẹ̀fọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fín mọ́tò. Fìì, fìì, láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. A ní adìyẹ funfun kan tó ń ré kọjá. Láti ọjọ́ náà lọ, a ò nílò láti so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ká tó dá a mọ̀ láàárín ti aládùúgbò. Bàbá Àgbà tó jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kò mọ̀ pé apá kan irùngbọ̀n òun ti di búlúù, ó sì bá a lọ kírun Jímọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dára, mi ò ní fi bú u: mọ́tò náà dán. Ó dán bí omi ọ̀sà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́. Àǹtí Rísí jáde wá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wo bàbá mi, bàbá mi sì wo ibòmíràn kí a má bàa rí i pé inú òun dùn.

Ìyá mi ló sọ pé, "Ọ̀dà ti ń gbẹ o. Ẹ ò ní ṣí tépù yẹn?" Bàbá mi ti na ọwọ́ sí i gan-an. Èékánná rẹ̀ ti wà létí rẹ̀. Ni Bàbá Àgbà bá wúkọ́.

Ó ní, "Má tú u! Ibo lò ń kánjú lọ? Ṣé ọmọ tuntun máa ń jáde síta kó tó pé ọjọ́ kẹjọ ni? Ohun tuntun lèyí. Irú rẹ̀ ò wọ agbo ilé yìí rí. Ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ kẹjọ, ká ṣàdúà sí i, ká sọ ọ́ lórúkọ, ká tó tú ojú rẹ̀." Àwọn àgbà yòókù tí wọn kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ní òótọ́ ni, òótọ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Àgbò ńkọ́?" Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbò nìkan ni wọ́n ń bá bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mọ́tò kàn jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ni. Bàbá mi yọ èékánná rẹ̀ kúrò. Ta ni yóò sọ fún olórí ilé, tí irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ búlúù, pé mọ́tò kì í ṣe ọmọ? Wọ́n ka ọjọ́ náà, ó bọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó Àǹtí Rísí gẹ́lẹ́. Wọ́n ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Oòrùn Kétu ń jó ilẹ̀, ó ń jó páànù, ó sì ń jó gọ́ọ̀mù tépù mọ́ dígí lójoojúmọ́, títí tí tépù fi pọ́n bíi ẹ̀pà yíyan. Ọmọ mi ọkùnrin ṣubú lóṣù tó kọjá, mo lẹ plásítà mọ́ ọn lórúnkún. Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀ kó pẹ́ níbẹ̀, kó lè mú dáadáa. Mi ò bá a jiyàn. Mo dúró kó lọ síbi iṣẹ́, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, mo tú u. Ọmọ náà bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kánjú. Ibo ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn fún un?

Wọ́n ra àgbò. Ara ọkọ̀ ní apá ọ̀tún ni wọ́n so ó mọ́, nítorí ibẹ̀ ni òjìji wà. Kí ọ̀sẹ̀ tó dé àárín, àgbò ti gbọ́ òórùn ẹ̀kọ. Ó jẹ ìwé ìròyìn apá iwájú, ó jẹ ti ẹ̀yìn, ó wá fi ahọ́n lá èyí tó kù lára dígí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ilé kọ́. Nígbà tí bàbá mi máa fi gbé igi lé e, apá ọ̀tún mọ́tò ti jáde sójú ayé: dígí mọ́ kedere, etí ọ̀dà gún régé, kò sí ibi tó bó. Dípò kí inú rẹ̀ dùn, ojú ló ń tì í. Ó yá ìró ìyá mi, ó fi bo apá náà, kí àwọn àgbà má bàa mọ̀ pé ọmọ ti jáde ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Nínú yàrá, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ń tú ewé tí wọ́n fi di làálì mọ́ ọwọ́ Àǹtí Rísí. Kò dúró de àdúà ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ewé kan díẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ó ti mú," ó sì tú gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ náà pọ́n, ó dára. Níta, àwọn ọkùnrin ti jókòó yí mọ́tò ká lórí ẹní. Bàbá Àgbà ṣàdúà fún mọ́tò pé kó dàgbà, kó dogbó, kó má rí àrùn. Bàbá mi, nínú agbádá funfun, bọ́ síwájú, ó di etí tépù mú, ó fà.

Ó já. Ó di òmíràn mú, ìyẹn náà já, kò jù ìwọ̀n èékánná lọ. Ó wá fi ọ̀bẹ sí i, ó fi tipátipá fà á, ni tépù bá gbà láti tẹ̀lé e, ó sì mú ọ̀dà búlúù lọ́wọ́ bọ̀, gbọọrọ gbọọrọ, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọ̀ eérú àtijọ́ tún yọjú sí wa. Ó lọ sí ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó lọ sí ibi iná, bẹ́ẹ̀ náà ni. Dígí iwájú kò ṣeé rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju gọ́ọ̀mù àti àjákù bébà lọ. Òórùn ọbẹ̀ àgbò ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wá fi pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ ṣáà jẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ. Àgbò kúkú ti kú." Láti ẹ̀yìn ni ẹnì kan ti pariwo pé, "Abilà!" Gbogbo àwa ọmọdé gbà á lẹ́nu rẹ̀. Abilà! Abilà! Orúkọ tí mọ́tò náà ń jẹ́ títí tó fi kú nìyẹn.

Ni Àǹtí Rísí bá jáde. Ó yí mọ́tò ká díẹ̀díẹ̀, ó wo apá òsì, ó wo iwájú, ó wá dé apá ọ̀tún, ó ká ìró ìyá mi kúrò. Ó dúró níbẹ̀. Ó ní, "Ta ló ṣe ibí yìí?" Ìyá mi ní, "Èmi àti olóògbé," ó sì fi ẹnu júwe ìkòkò ọbẹ̀. Àǹtí Rísí kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó yíjú sí bàbá mi láti sọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá mi ti ṣèlérí mọ́tò, ṣùgbọ́n bàbá mi ti jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ọmọdé, àjákù tépù wà ní gbogbo ìka rẹ̀, ó ń gbọn ọwọ́, wọn kò sì já bọ́. Mi ò rí bàbá mi kó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Àǹtí mi wò ó títí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kí làálì má bàa rí omi.

Ó ní, "Ẹ dìde, Bọ̀dá mi. Òun náà ni mo máa wọ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì nu ibi tí ẹ ó ti máa wo ọ̀nà. Apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ kọ sí ẹnu ọ̀nà wọn o. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí òsì."

Wọ́n nu dígí, wọ́n sì nu apá òsì náà títí, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù kàn rọ̀ bí oyin ni, kò lọ. Orí ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo jókòó sí. Ní ojú títì, lọ́rì kan ń ré wa kọjá, ọmọ ọkọ̀ sì na ọrùn jáde: "Bàbá, ẹ ò tíì bọ́ ẹ̀wù mọ́tò yín tán!" Àǹtí Rísí fa ìborùn rẹ̀ bo ojú. A gba Yábàá, a gun afárá, a wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, gbogbo ọ̀nà ni bàbá mi ń kùn bí ẹni ń ṣe ìṣirò: apá ọ̀tún, apá ọ̀tún. Ohun tí ẹnì kankan nínú wa kò rò ni pé apá òsì títì ni mọ́tò ń rìn nígbà náà, apá òsì náà sì ni ilé ọkọ wà. Àdúgbò náà há, kò sí ibi tí a ti lè yí padà, àwọn ẹbí ọkọ sì ti tò síta tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bí mọ́tò ṣe dúró báyìí ni bàbá mi bẹ́ sílẹ̀, ó sáré yípo, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn apá òsì, ó na apá agbádá rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì bí adìyẹ tó ń ràdọ̀ bo ọmọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọkọ ní, "Ẹ káàbọ̀ o, àna wa. Ẹ ṣe dúró síbẹ̀?"

"Mò ń sinmi díẹ̀ ni, Ìyá."

Obìnrin náà tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ó wo abẹ́ apá rẹ̀. Ó ní, "Áà! Kí ló bó mọ́tò yín lára báyìí? Ṣé dígí tí a máa wojú nínú rẹ̀ nìyí?" Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ojú bàbá mi. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni nínú rẹ̀ mọ́.

Àǹtí Rísí ti sọ̀kalẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ó yípo wá, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó tẹrí ba, ó pa ọwọ́ làálì pọ̀ sórí itan. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Ìyá mi. Bọ̀dá mi ló fi ọwọ́ ara wọn kùn ún, nítorí tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ gbé tiyín sí, kí wọ́n lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

Gbogbo wọn ló rántí lọ́rì tí wọ́n háyà wá sí Kétu. Ìyá ọkọ wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti orí dé eékún, mo sì rò pé ìgbéyàwó ti tú nìyẹn. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, èyí tó ń mi ikùn. Ó ní, "Yéè! Mo ti rí ẹni tó máa bá mi gbé ilé. Dìde, ìyàwó mi. Ẹnu ẹ dán ju mọ́tò lọ." Ó fa ọwọ́ rẹ̀, wọ́n jọ wọlé, gbogbo èrò sì tẹ̀lé wọn.

Ó ku bàbá mi. Ó ṣì dúró bó ṣe dúró, apá nínà. Ìyá mi ní kí ó máa bọ̀, oúnjẹ ti délẹ̀. Ó fi ohùn kékeré sọ pé, "Ìyá Múlì, mi ò lè kúrò." Gọ́ọ̀mù tí kẹrosíìnì rọ̀ ti di agbádá mú láti èjìká dé ìdí. Ìyá mi gbé mi sọ̀kalẹ̀. Ó rìn sún mọ́ ọn, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó dà bí ẹni ń wo aṣọ tó ti rà tipẹ́, tí kò sì ní fún ẹnikẹ́ni. Ó di etí agbádá mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má bàa ya.

Ó ní, "Àbí kí n fi yín sílẹ̀ títí di ọjọ́ kẹjọ?"